“Ibi ìjẹun nìkan la tún ṣe”

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí bó ṣe rí lára mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi àga onítáyà rìn jọ lọ jẹun ní Amẹ́ríkà níbí, nílé oúnjẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Iná tuntun, tábìlì tuntun, táìlì ń dán gbinrin. Àmì àga onítáyà wà lára ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi wọlé, kò pẹ́ tó fẹ̀yìn rìn jáde. Àga gíga tí wọ́n ń gbé ọmọdé sí ni wọ́n to mẹ́rin léra wọn síbi tó yẹ kó ti yí àga rẹ̀ po, garawa àti mọ́ọ̀pù sì dúró ti ìjókòó. Ó ní ká máa lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí kì í fi í mu ju ìdajì ife omi lọ tá a bá jáde.

Mo lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. Ó ní, “Ibi ìjẹun nìkan la tún ṣe, a ò fọwọ́ kan tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ilé àtijọ́ sì ni.”

Awáwí lásán! Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti buwọ́ lu ADA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, kò síbi tó ti sọ pé kí ilé máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé ó ti gbó. Tó o bá tún ibi tí oníbàárà ti ń jẹun ṣe, ọ̀nà tó dé ibẹ̀ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà nìyẹn, àfi tí owó rẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú 100 owó àtúnṣe yẹn lọ. Tó bá tiẹ̀ jù ú lọ, wàá ṣe èyí tí ìdá 20 yẹn bá ká. Ẹni tó ná 50,000 dọ́là síbi ìjẹun, 10,000 dọ́là kì í ṣe owó tó lè ní òun ò rí.

Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í ṣe a-fojú-díwọ̀n. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fi ínṣì 32 sílẹ̀ gbayawu nígbà tó bá ṣí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n tà fún ẹ ní ínṣì 32 kò lè fún ẹ ní ínṣì 32 láéláé, torí ara ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ gba àyè. Ààrin ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ ní ínṣì 16 sí 18. Tí ẹni tó ń ri páìpù bá ṣì í, tí wọ́n ti da kọnkéré lé e, ẹkún ni. Ọ̀pá ìdìmú gbọ́dọ̀ gba agbára 250 pọ́ọ̀n, nítorí náà ẹ fi pákó tó nípọn sẹ́yìn ògiri kẹ́ ẹ tó pa á dé. Mo ti rí èyí tó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni páìpù abẹ́ síǹkì. Ó yẹ kí wọ́n wé e ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipin kò ní mọ̀ pé omi gbígbóná ń jó òun lórúnkún.

Ìjọba kò kúkú dá wọn dá ìnáwó náà. Iléeṣẹ́ kékeré tí owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, tàbí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ kíkún kò ju 30 lọ, lè rí tó 5,000 dọ́là yọ kúrò nínú owó orí rẹ̀.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ọ̀gá náà. Mo wá ní, ó dáa, ẹ fi ti owó sílẹ̀, ẹ ṣáà kó àga ọmọdé mẹ́rin yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí. Ó ní kò síbòmíì tí òun lè kó wọn sí.