Ọ̀daràn kọ́ o, afurasí ni
Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ rọra o. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé “ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ọ̀daràn”, ẹ tún wá kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé wọn ò tíì gbé ọkùnrin náà dé ilé ẹjọ́. Ta ló wá dá a lẹ́bi?

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ọ̀-dá-ọ̀ràn, ẹni tó dá ọ̀ràn. “Ọ̀ràn” fúnra rẹ̀ kò burú, a ń sọ pé “ọ̀ràn ìdílé”, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ìgbà tí “dá” bá ṣáájú rẹ̀ ni wàhálà dé: ó dáràn! A tún ń gbọ́ “dá” nínú adájọ́ (ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín): ọ̀kan dá ọ̀ràn, èkejì dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “arúfin” dípò “ọ̀daràn”, kò sàn jù ú lọ, arúfin ti rú òfin ná.

Afurasí, ẹni tí a fura sí, lẹ bá kọ. Abala 36(5) nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kúkú sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn títí wọ́n á fi rí ẹ̀bi rẹ̀.