Àtúnṣe: Zheng He kò tẹ ìlú dó sí Amẹ́ríkà

Wọ́n ń pín in kiri pé Zheng He, ọ̀gágun ojú omi Ṣáínà, la òkun Pàsífíìkì kọjá ní 1421, ó sì tẹ ìlú dó sí Amẹ́ríkà ṣáájú Columbus. Irọ́ ni. Láàárín 1405 sí 1433, ìrìn àjò rẹ̀ méjèèje, ọ̀nà Òkun Íńdíà ni: Calicut ní Íńdíà, Hormuz ní agbègbè Iran, títí dé Màlíńdì ní Kẹ́ńyà. Òkúta tó kọ̀wé sí lára, tó gbé kalẹ̀ ní Changle ní Ṣáínà ní 1431, ka àwọn ibi tí wọ́n dé. Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀. Máàpù tí wọ́n fi ń jẹ́rìí, tí wọ́n ní ti 1418 ni, ńkọ́? Ó ya California bí erékùṣù, àṣìṣe tó gbilẹ̀ láàárín àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn 1600. Ta ló wá jí ìwé ta wò?