Kì í ṣe ayọ̀ Kérésì ni robin ń kọrin fún

Ìròyìn kan ní ayọ̀ Kérésì ló ń mú robin, ẹyẹ kékeré aláyà pupa, kọrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o! Ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Lásìkò òtútù, akọ ń kọrin, abo náà ń kọ, torí kálukú ló ní ilẹ̀ tirẹ̀. Àyà pupa yẹn, ìkìlọ̀ ni: David Lack, onímọ̀ nípa ẹyẹ, gbé ìdì ìyẹ́ pupa lásán síwájú àwọn robin, wọ́n sì kọlù ú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búrẹ́dì bọ́ ọ. Ẹyẹ tí kò ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ, òru òtútù kan lè jó ọ̀rá ara rẹ̀ tán. Ìdin gbígbẹ ni kí ẹ rẹ sómi, kí ẹ gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ nítòsí igbó ṣúúrú, láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́. Bí omi mímu ẹyẹ náà bá dì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.