Type hint kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ sọ fún àwa tí a ń kọ́ Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) ní Kubwa pé bí a bá ti kọ type hint, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ irú iye tí a ń retí, bí int fún nọ́ńbà odidi, Python fúnra rẹ̀ kò ní gba iye tí kò bá a mu. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní owó ọkọ̀ Kubwa sí Wuse jẹ́ ₦500:

def owo_oko(ero: int) -> int:
    return ero * 500

Ẹ pe owo_oko("3"), níbi tí "3" ti jẹ́ ọ̀rọ̀ (string), tí kì í ṣe nọ́ńbà. Python kò ní ṣàròyé rárá. Dípò 1500, 3 ni yóò tò jọ ní ìgbà 500! Mypy tàbí Pyright, àwọn ètò tó ń yẹ type hint wò, ló ń rí irú àṣìṣe yìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín pè wọ́n. Bó ṣe wà nìyẹn láti Python 3.5, ní 2015.

Ẹ ṣì máa kọ hint o. Àmọ́ iye tó bá wọ inú function yín, ẹ fi isinstance, tó ń sọ bóyá iye kan jẹ́ irú tí a ń retí, yẹ̀ ẹ́ wò.