Ìró nìkan kò tó

Àwọn kan ní iná ìdarí ọkọ̀ tó ń dún ti tó fún ẹni tí kò ríran láti fi sọdá títì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ríran, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń rìn. Ìró yẹn ń sọ fún un pé ó lè máa lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí yóò dojú kọ, pàápàá níbi tí ìkòríta bá ti fẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ló ń tọ́ ọ sọ́nà: òkúta pẹlẹbẹ oníkókó tí ará Japan kan, Seiichi Miyake, ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sí ìlú Okayama níbẹ̀ lọ́dún 1967. Tí wọ́n bá rẹ etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ arọ (ó dára bẹ́ẹ̀ o), tí wọn ò tẹ́ òkúta yẹn síbẹ̀, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lè má jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti bọ́ sójú títì.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n ṣáà máa tẹ́tí sí ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń lo bátìrì ńkọ́? Tó bá ń rọra bọ̀, ó lè jẹ́ agbára káká lẹ fi máa gbọ́ ọ. Àwọn tí kò ríran tí kò sì gbọ́rọ̀ náà wà. Bọ́tìnnì tó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́, lára òpó iná ìdarí ọkọ̀, ni tiwọn.