Eégbọn Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Ajá Nìkan

Bí àìsàn eégbọn bá dá ajá dùbúlẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí ibà bá mú ẹni tó ni ajá náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn mìíràn ni òun forí lé. Dókítà ẹran kò rí ẹni tí yóò sọ fún, dókítà ènìyàn kò sì béèrè ohun ọ̀sìn tó wà nílé. Àlàfo yìí ni a fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ìlera dí. Kí àkọsílẹ̀ àrùn eégbọn láti ilé ìwòsàn ẹran máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ìlera ará ìlú, kí ìkìlọ̀ sì ti ibẹ̀ dé etí gbogbo dókítà tó wà lágbègbè náà.

Ohun tí à ń wí yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1893, Theobald Smith àti F. L. Kilborne fi hàn pé eégbọn ló ń gbé ibà tó ń pa màlúù l'Amẹ́ríkà kiri. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ìṣègùn ènìyàn ni Smith kọ́. Dókítà ẹran ni Kilborne. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Ta ló wá pín wọn níyà?

Nígbà tí oríkèé àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ìlú Lyme, ní Connecticut l'Amẹ́ríkà, àwọn ìyá méjì ló ta àwọn aláṣẹ lólobó ní 1975. Ó di 1982 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Willy Burgdorfer tó kéde báàkítéríà tó wà nídìí rẹ̀, èyí tó rí lára eégbọn. Lónìí, àjọ CDC, tó ń ṣọ́ àrùn fún ìjọba Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún àrùn Lyme yìí lọ́dọọdún l'Amẹ́ríkà nìkan. Ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ti ènìyàn tó jáde ní 1998, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó o kúrò lọ́jà ní 2002 nítorí pé kò tà.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó jí, ẹnu ọ̀nà kálukú ni ìṣọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Eégbọn kì í fò, kì í sì í tọ. Orí koríko ló ń dúró sí, yóò na ẹsẹ̀ iwájú, ohunkóhun tó bá fara kàn án ló ń dì mọ́. Ẹni tó ń wọ inú igbó, kí ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Tó bá délé, kí ó yẹ ara wò: ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ itan, ẹ̀yìn orúnkún. Kí ó fara balẹ̀ wò ó o, nítorí eégbọn tí kò tíì dàgbà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àrùn Lyme sábà máa ń gbà ju wákàtí 24 lọ kí ó tó ti ara eégbọn wọ ara ènìyàn, nítorí náà yíyẹ ara wò lójoojúmọ́ kì í ṣe àṣejù. Àrùn Powassan, tí eégbọn ń gbé bákan náà, kì í dúró bẹ́ẹ̀; ìṣẹ́jú 15 lè tó o.

Bí eégbọn bá ti so mọ́ ara, ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ín-rín ni kí ẹ fi dì í mú nítòsí awọ ara, kí ẹ fà á sókè tààrà, láìlọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kẹrosíìnì àti ìṣáná sílẹ̀. Eégbọn tí wọ́n ń ni lára báyìí lè pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó so mọ́. Bí ibà tàbí pípọ́n ara bá tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ yín, kódà bí kò bá béèrè.

Ní ti ẹran ọ̀sìn, eégbọn ajá lè gbé inú ilé látìgbà ẹyin títí yóò fi dàgbà, abo kan sì ń yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú làlà ògiri. Ẹni tó bá tọ́jú ajá tí kò tọ́jú ilé ti ṣe iṣẹ́ ààbọ̀. Oògùn eégbọn ti ajá tó ní permethrin, èròjà apakòkòrò kan, nínú lè pa ológbò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń ra ọ̀kan ṣoṣo fún méjèèjì.

Àwọn kan yóò ní ìwé kíkọ ti pọ̀ jù fún dókítà, tàbí pé àṣírí aláìsàn yóò tú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ orúkọ. Àrùn, àdúgbò àti ọjọ́ ti tó. Àtakò tó wúwo jù ni pé ẹran mìíràn kì í fi àmì hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ibà Crimean-Congo tí eégbọn ń gbé rí, tó ń pa láti 10 sí 40 nínú 100 ènìyàn tó bá mú: màlúù àti àgùntàn tó gbé e lè máa jẹ koríko lọ, nígbà tí alápatà tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú ewu. Fún irú èyí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹran ni kí ìjọba sanwó fún, láti àgbo ẹran títí dé ilé ìpẹran, kí ó sì fún àwọn alápatà ní ìbọ̀wọ́ kí èsì àyẹ̀wò tó dé.