Ẹ Yé Sọ Fún Mi Pé Ping Ń Lọ

Ìwà àwọn tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti sú mi. Ìgbàkigbà tí mo bá pè wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ má bínú sà, ping ń lọ lọ́dọ̀ wa. Ẹ pa rọ́tà yẹn, kí ẹ tún un tàn."

Ping ni ẹrù dátà kékeré tí à ń fi ránṣẹ́ láti wò bóyá ìdáhùn yóò bọ̀. Ṣé ping ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tò síta ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Under G wá ṣe ni? Google ń ṣí, ọ̀rọ̀ WhatsApp ń wọlé. Àmọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ránṣẹ́ báyìí, yóò máa yí bírí títí yóò fi kú. Jẹ́nẹ́ẹ̀tọ̀ ń mu epo, oníbàárà ń kùn, èmi ni wọ́n ń wò bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Báìtì (ìwọ̀n dátà) 32 péré ni Windows máa ń dì sínú ping tí wọ́n ń fi yangàn yẹn! Ọmọdé tó gbé àwo sórí yóò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ru àpótí aṣọ wá ná. PPPoE, ìlànà tí rọ́tà fi ń lo orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù láti wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ni wọ́n fi so wá. Báìtì 1500 ni ẹrù tí Ethernet (ìsopọ̀ oníwáyà) ń gbà lẹ́ẹ̀kan, PPPoE yóò yọ 8 fún ara rẹ̀, ó ku 1492. Iye tó yẹ kí MTU rọ́tà, ìyẹn ẹrù tó tóbi jù tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ nìyẹn. Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé kò sí wàhálà, 1500 ló wà níbẹ̀ gàdàgbà! Mo fi ping kan náà dán an wò, mo ní kó má ṣe gé ẹrù: 1464 lọ, ó bọ̀, fi báìtì 28 ti àkọlé ẹrù náà (header) kún un, 1492 náà nìyẹn. 1465 lọ, kò bọ̀ mọ́, kò sì sí ohunkóhun tó padà wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó dín ẹrù kù.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni à ń yí o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti rọ́tà tí mo fi owó ara mi rà pa, wọn ò fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ẹ̀ńjìnníà ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù rọ́tà, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù PPPoE, àti nọ́ńbà VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fi wá sí) bí ó bá wà, sórí bébà kí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò san owó oṣù tó ń bọ̀.